Iṣẹ́ títì dé iwájú ilé wa ní abúlé: kí la lè ṣe tí ilé yóò fi ṣe é gbé?

Ọmọ Ìyá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Abúlé ni ilé wa wà, a kò ju agboolé mẹ́rin lọ lágbègbè náà, ọ̀nà erùpẹ̀ tó gba iwájú wa kọjá ni wọ́n sì fẹ́ sọ di títì ọlọ́dà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń tọrọ ọ̀nà yìí, nítorí náà n kò wá síbí láti bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí katakata ti dé, oorun ti dá lójú wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ẹ̀rọ ti ń dún, àwọn tipa tó ń kó erùpẹ̀ kì í sinmi, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti fẹ́ rìn sẹ́yìn, yóò máa ké pìì pìì títí orí yóò fi máa fọ́ni. Lánàá, mo nu tábìlì ní àárọ̀, nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, mo fi ìka fa ìlà sójú rẹ̀, ìlà náà sì hàn kedere bí ẹni fi ẹfun kọ̀wé.

Ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ni ọ̀rọ̀ wọn ń bà mí lẹ́rù jù. Ó ti pẹ́ tí dókítà ti sọ pé ásímà ni ó ń bá wọn jà, láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni èémí ti fẹ́ dá wọn dúró ní òru. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò gọ́tà kọjá ẹnu ọ̀nà wa, pákó kan ṣoṣo tó ń mì ni a ń gbà wọlé, mọ́tò kò sì lè wọlé mọ́. Omi kànga ti ń pọ́n. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ní iṣẹ́ náà yóò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti la irú èyí kọjá, kí ni ẹ ṣe, kí sì ni ẹ̀ bá ti ṣe tí ẹ kò ṣe?

Nọ́ọ̀sì Ìgbèríko

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ìtọ́jú ìyá. Ọ̀rọ̀ wọn ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí ìyókù lè dúró di ọ̀la. Kì í ṣe eruku tí ẹ fi ìka fa ìlà sí ló léwu jù, bí kò ṣe èyí tí ojú kò rí. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní máíkírómítà. Fọ́nrán irun orí ènìyàn fẹ̀ tó nǹkan bí 70 máíkírómítà, ṣùgbọ́n eruku tí kò ju 10 lọ ni ó máa ń gba imú kọjá wọ inú àyà, èyí tí kò sì ju 2.5 lọ lè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró pátápátá. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dí irú rẹ̀. Ìbòmú tí wọ́n kọ N95 sí lára, tó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láìsí àlàfo, ló lè dí i, àmọ́ kì í rọrùn láti mí nínú rẹ̀ fún ẹni tí èémí ń ni lára, nítorí náà ẹ bi dókítà wọn kí ẹ tó fi bò wọ́n nímú.

Ẹ gbé ibùsùn wọn lọ sí yàrá tó jìnnà sí títì jù lọ, kódà bí yàrá náà bá kéré. Ẹ ti fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà ní gbogbo àsìkò iṣẹ́, kí ẹ sì ṣí tẹ̀yìn nígbà tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ tí eruku sì ti rọlẹ̀, nítorí ooru àti àìrí afẹ́fẹ́ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ásímà ń bá jà. Ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá ilé ní gbígbẹ mọ́. Ńṣe ni ẹ ń gbé eruku tó ti sùn dìde. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi máa nu ilẹ̀ àti àga, kí ẹ fọ aṣọ náà sínú omi ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì fi aṣọ mìíràn bo ibùsùn ní ọ̀sán, kí ẹ ká a jẹ́jẹ́ sínú ara rẹ̀ bí alẹ́ bá lẹ́.

Oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o nínú òkùnkùn, kí òmíràn sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú wọn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé kò tíì tán, pé ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì kọjá. Bí wọ́n kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí, bí ètè tàbí èékánná wọn bá ń ṣú, tàbí bí oògùn náà kò bá ṣiṣẹ́ bí ó ti máa ń ṣe, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn gan-an ti tó kí dókítà wọn gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé kọnkéré tàbí òkúta ní gbígbẹ, ẹ kó ìyá àti àwọn ọmọ kúrò nítòsí. Eruku òkúta tí wọ́n ń pè ní sílíkà wà lára ohun tí àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí okùnfà àrùn náà ní ọdún 1997. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fa á símú fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ewu rẹ̀ wúwo fún jù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tí àyà rẹ̀ kò le dúró sínú rẹ̀ rárá.

Ẹni Tó Ti Rí I Rí

Ẹ kú ìdààmú. Ìbéèrè yín kejì ló kàn mí, ìyẹn ohun tí à bá ti ṣe tí a kò ṣe. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ṣe títì níwájú ilé tèmi. Nígbà tí róólà wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀, ń gbọ̀n, ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ń dún wàràwàrà, a sì fi ń ṣeré. Lẹ́yìn oṣù kan ni mo rí i tí ògiri yàrá tó kọjú sí títì sán láti igun fèrèsé dé ilẹ̀. Mo lọ bá wọn, wọ́n rán ẹnì kan wá wò ó, ó sì sọ pé ó ti pẹ́ tí ògiri náà ti sán. N kò ní àwòrán kankan tí mo lè fi jà. Owó ara mi ni mo fi tún un ṣe, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí títí di òní.

Nítorí náà, kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ mú fóònù yín, kí ẹ ya gbogbo ògiri, ilẹ̀, àjà, ọgbà, kànga àti ẹnu ọ̀nà, nínú àti lóde, pẹ̀lú ọjọ́ lórí àwòrán. Níbi tí ògiri bá ti sán tẹ́lẹ̀, ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yà á, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ìdí ibi tó sán dé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá gùn sí i, ìlà náà yóò jẹ́rìí. Ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ìbátan kan tí kò gbé ilé yẹn, kí ó má baà ṣòfò bí fóònù bá bàjẹ́. Ẹ má gbàgbé òkúta ààlà ilẹ̀ yín o. Katakata lè hú u láàárín ìṣẹ́jú kan láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ fi okùn ìwọ̀n wọn ibi tó wà sí igun ilé méjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹnjiníà Tó Ti Fẹ̀yìntì

Mo kí gbogbo yín. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ títì, ìhà kejì ni mo sì wà ní gbogbo àkókò náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ará abúlé ì bá bi wá, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ wọn kò bi wá.

Títì kì í ṣe ohun ẹ̀ẹ̀kan. A óò gé ilẹ̀ tàbí kún un, a óò tẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele, a óò da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, a óò tún tẹ̀ ẹ́, kí a tó wá da ọ̀dà lé e. Ìgbà kíkó erùpẹ̀ ni eruku pọ̀ jù, ìgbà títẹ̀ sì ni ilẹ̀ ń gbọ̀n jù. Bí ẹ bá mọ ìpele tí wọ́n wà, ẹ óò mọ ohun tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ẹnjiníà ibi iṣẹ́ fi yẹ kó jẹ́: “Kí ni ẹ óò ṣe níwájú ilé wa, ọ̀sẹ̀ wo sì ni?” Ẹnjiníà ni kí ẹ bi o, kì í ṣe awakọ̀ tipa.

Lórí eruku, omi ni oògùn rẹ̀. Ó yẹ kí ọkọ̀ omi máa wọ́n ojú ọ̀nà náà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ní ojú ọjọ́ gbígbẹ. Ẹ má kàn sọ pé eruku pọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tí àyà ń dùn wà nínú ilé yìí, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n wọ́n omi kí ìrìn tipa àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún wọ́n ọn ní ọ̀sán, kí àwọn awakọ̀ sì rọra rìn níwájú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó ní àsìkò àti ibi nínú ni ọ̀gá lè pàṣẹ.

Lórí ìró, bí ẹ bá sún jìnnà sí ẹ̀rọ kan ní ìlọ́po méjì, ìró rẹ̀ máa ń dín kù ní nǹkan bí dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìró) 6 ní gbangba. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń tọ́ka sí níbi iṣẹ́ ni dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8, tí etí bá ń gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́, ó lè bàjẹ́. Inú ilé yín kò ní tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ibi ìgbé ẹ̀rọ sí àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, nítorí ibi tó bá ṣáà ti rọrùn ni wọ́n máa ń gbé e sí. Ní ti igbe pìì pìì, ẹ má ṣe ní kí wọ́n pa á, ààbò ènìyàn ni. Ohun tí ẹ lè béèrè ni pé kí wọ́n fún tipa ní àyè láti yí po, kí ó má baà máa rìn sẹ́yìn níwájú ilé yín. Àwọn ẹ̀rọ kan tún ní irú igbe tó ń dún bí ìró omi tó ń dà ṣàà, èyí tí kì í gún etí láti òkèèrè.

Ní ti ògiri, mo bá arákùnrin wa kẹ́dùn. Ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ nígbà náà ni pé róólà tó ń gbọ̀n ní bọ́tìnì tí a fi ń pa ìgbọ̀n rẹ̀, tí yóò sì máa fi ìwúwo nìkan tẹ ilẹ̀. Yóò kàn gba ìrìn púpọ̀ sí i ni. Ìlànà àwọn ará Jámánì tí a ń pè ní DIN 4150 fi ìwọ̀n tí ìgbọ̀n ìpìlẹ̀ ilé gbígbé kò yẹ kó kọjá sí mìlímítà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ìgbọ̀n náà bá ń lọ jẹ́jẹ́, ó sì fi ti ilé tó jẹ́ ẹlẹgẹ́ sí 3. Bí ilé yín bá jẹ́ ti amọ̀ tàbí tó bá ti gbó, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnjiníà kí róólà tó dé.

Ọ̀dọ́ Àdúgbò

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Níbi tiwa, a kọ lẹ́tà títí, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Ọjọ́ tí a fi igi dínà ni ọ̀gá wọn wá. Bóyá ohun tí wọn yóò gbọ́ nìyẹn.

Ẹnjiníà Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọ̀dọ́ wa, mo gbọ́ ìrora inú ọ̀rọ̀ yín, èmi náà sì ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wá lóòótọ́, ó bẹ̀bẹ̀, ó lọ, iṣẹ́ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú kòtò ní ṣíṣí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn tó dínà. Àwọn gan-an ló jìyà jù. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí agboolé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo, kí ó sọ ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, kí ẹ mú ẹ̀dà kan lọ fún ẹnjiníà ibi iṣẹ́ àti ọ̀kan fún ọ́fíìsì tó gbé iṣẹ́ náà jáde, kí ẹ sì gba ìbuwọ́lùwé àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà tiyín. Ìwé tó ní ìbuwọ́lùwé kì í rọrùn láti sọ pé a kò rí.

Olùsìn Ẹran

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Tèmi kò pọ̀. Àgbò mi méjì bọ́ sínú kòtò gọ́tà lóru, ọ̀kan kú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń so ẹran mọ́lẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Àmọ́ àwọn ọmọdé ni kí a máa ṣọ́ jù. Erùpẹ̀ tó jẹ́ mítà kan péré ní ìbú, òró àti gíga lè wúwo ju kílò 1,500 lọ, nítorí náà bí ẹ̀gbẹ́ kòtò bá ya lu ọmọ, ọwọ́ lásán kò lè wú u jáde kíákíá. Ibi tí wọ́n ti ń wú erùpẹ̀ tún máa ń di adágún nígbà òjò, ojú omi rẹ̀ a sì dákẹ́ bí ẹni pé kò jìn. Ẹ ní kí wọ́n fi nǹkan yí i ká.

Ní ti kànga tó ń pọ́n, ẹ fi ìdérí tó fẹ̀ bò ó, kí ẹ mọ ebè yí ẹnu rẹ̀ po kí àgbàrá ọ̀nà má baà ṣàn wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí omi mímu tòrò, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sè é kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rùn bí dísù tàbí tí epo ń yọ lójú rẹ̀, ẹ má mu ún rárá, nítorí iná kò lè mú ìyẹn kúrò. Òjò àkọ́kọ́ tó bá fọ orí òrùlé, ẹ jẹ́ kó ṣàn dànù kí ẹ tó gbé àgbá sí i.

Ọmọ Ìyá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, n kò lè kà á tán. A ti gbé ìyá lọ sí yàrá ẹ̀yìn, dókítà sì ti yí oògùn wọn padà. Lẹ́tà náà ti lọ. Ọkọ̀ omi ti ń wọ́n ọ̀nà láàárọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin, ti ọ̀sán ni kò tíì dúró déédéé. Wọ́n gbé pákó mẹ́ta tó nípọn wá, wọ́n sì kan igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìyá lè rí nǹkan dì mú.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Wọ́n kan àwọn èèkàn kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí wọn lára. Nígbà tí mo dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn wa tí mo wo èèkàn tó wà níwájú, ó dà bí ẹni pé àmì náà ga tó orúnkún mi. Ṣé ìyẹn ní ìtumọ̀?

Ẹnjiníà Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ó ní ìtumọ̀ gan-an, ọmọ mi, inú mi sì dùn pé ẹ wò ó. Àwọn èèkàn yẹn ni a fi ń mọ ibi tí ojú títì yóò ga dé. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá àmì náà ni ojú títì tó bá parí, nítorí nígbà mìíràn ìpele kan nísàlẹ̀ ni ó máa ń fi hàn. Bí ó bá jẹ́ pé títì yóò ga ju ilẹ̀ ilé yín lọ, a jẹ́ pé eruku oṣù mẹ́jọ kọ́ ni ìṣòro yín tó tóbi jù, omi òjò gbogbo ọdún ni. Àárín títì máa ń ga ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ sí mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi lè ṣàn sí ọ̀tún àti òsì. Bí gọ́tà kò bá gba omi náà, tàbí tí ẹnu gọ́tà bá já sí ilẹ̀ yín, ọgbà yín ni yóò di odò.

Ẹ lọ bi wọ́n lọ́la ibi tí omi gọ́tà yẹn yóò já sí, bí ẹnu ọ̀nà yín yóò ṣe gun títì, àti bóyá omi inú ọgbà yín yóò lè jáde. Ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ nà án hàn yín ní ojú ilẹ̀, ẹ má gba àlàyé orí ìwé nìkan. Ìsinsìnyí tó ṣì jẹ́ kòtò lásán, ṣọ́bìrì lè yí i padà. Bí wọ́n bá ti da kọnkéré, ẹ óò máa kọ lẹ́tà fún ọdún mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì Ìgbèríko

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé mọ́tò sí ìhà kejì kòtò kí ilẹ̀ tó ṣú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ibi kan náà ní alaalẹ́. Bí èémí ìyá bá dá ní òru, ẹ kò ní lè dúró máa wá pákó tí mọ́tò lè gùn.

Ọmọ Ìyá

Mo lọ lánàá, Bàbá. Lóòótọ́ ni, ojú títì gan-an ni àmì náà. Ẹnjiníà wọn, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin onísùúrù, bá mi rìn títí dé ìparí kòtò, a sì rí i pé ẹ̀yìn kànga wa ni omi náà ì bá já sí. Ó fa ìlà tuntun sílẹ̀ níṣojú mi, kọjá igi ńlá tó wà ní ààlà, lọ sí ìṣàn omi tó wà nísàlẹ̀, ó sì ní òun yóò fi orúkọ òun sí àtúnṣe náà nínú ìwé iṣẹ́. Mo ti ya àwòrán ìlà náà. Ó sọ pé bí òjò kò bá rọ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i ni wọn yóò da ọ̀dà níwájú wa.

Ẹnjiníà Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí ọmọbìnrin náà. Ẹ gba ọjọ́ yẹn lẹ́nu rẹ̀ ní pàtó, kí ìyá lọ sùn níbòmíràn ní ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì. Ọ̀dà máa ń gbóná tó nǹkan bí 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tó bá dé, a sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ tán kí ó tó tutù kọjá nǹkan bí 80, nítorí náà bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò lè dúró nítorí pé ilẹ̀ ṣú, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún àyà tí kò le. Bí òjò bá rọ̀, wọn yóò sún un síwájú, ẹ má ṣe gbé ìyá padà wálé kí ẹ tó bi wọ́n.

Kọnkéré tí wọn yóò fi bo gọ́tà lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n dà á sílẹ̀. Ọjọ́ 28 ni a fi ń wọn agbára kọnkéré, nítorí náà kí ẹsẹ̀ máa gbà á tí wọ́n bá ti gbà yín láyè, ṣùgbọ́n kí mọ́tò ṣì máa sùn níhà kejì títí ẹnjiníà yóò fi sọ pé ó tó.

Ọmọ Ìyá

Mo ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, Bàbá. Àbúrò mi tó ń gbé ní abúlé kejì ni yóò gba ìyá sílé. Wọ́n ti di ẹrù wọn sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, oògùn ló wà lókè pátápátá.